Àádùn Ojú Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́

Inú koríko ni Ọláníkẹ́ bá ara rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ là. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táyà iwájú ṣì ń yí. Fìdítì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀yọ́ ni ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ Bódìjà ní àwọn ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, òun nìkan sì ni obìnrin tó wà láàárín wọn. Ohun tó rántí kẹ́yìn ni pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òógùn tútù bo òun, ojú títì sì ń pòòyì.

Ọládipọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bu omi sí i lójú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Sẹkitéríàtì, àgbàlagbà tí kì í pariwo.

"Níkẹ̀ẹ́, kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Tíì, sà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Tíì náà ni, sà. Mi ò fẹ́ kí ikùn mi wúwo."

Ọládipọ̀ mi orí. Ó dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu bọ̀ láti Ọ̀yọ́ dúró, ó bẹ awakọ̀, wọ́n sì gbé Ọláníkẹ́ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí iṣu. Kí ọkọ̀ tó gbéra, Ọládipọ̀ sún mọ́ ọn.

"Ògbómọ̀ṣọ́ tí a fẹ́ lọ lóṣù tó ń bọ̀ yẹn," ó ní, "mo rò pé kó o fi sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lé ẹ. Àmọ́ bí nǹkan bá ṣe ẹ́ lójú títì, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn òbí ẹ?"

Orí iṣu ló jókòó sí tó ń sunkún títí ọkọ̀ fi já a sílẹ̀ ní Agbowó.

Ọmọ Ṣakí ni Ọláníkẹ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni àwọn òbí rẹ̀ ń lọ. Iṣẹ́ tàípíìsì ló ń ṣe ní kọ́ńpìnnì kan ní Dùgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Sókótó ló fi í sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Àkókò tí bẹntiróòlù di ohun àwátì ni, tí èrò máa ń ya lu mọ́tò kan ṣoṣo ní Ṣàngó, tí aṣọ ẹlòmíràn á ya kó tó ráyè wọlé. Ọláníkẹ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ni. Àwọn kọńdọ́ pariwo lé e lórí títí ó fi sú wọn. Nígbà tó yá, ó rí i pé kò sí ohun tó tún wu òun tó kẹ̀kẹ́ gígùn láyé. Bó ṣe di ara ẹgbẹ́ Bódìjà nìyẹn.

Onílé rẹ̀ ní Agbowó ni Àlhájà Mùsílímátù, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, opó tó ti fìgbà kan ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Iwájú ilé ni Àlhájà jókòó sí nígbà tí wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀.

"Ṣé mọ́tò ló gbá ẹ ni?"

"Rárá mà. Ojú ló ṣú mi."

"Ṣé ara ẹ ò yá láti àná ni?"

"Ara mi yá, mà."

Àlhájà bi í léèrè ohun tó jẹ, Ọláníkẹ́ sì tún sọ ọ̀rọ̀ tíì náà. Obìnrin àgbà náà pòṣé.

"Ebi ni. Kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Ìwọ gbé ikùn òfìfo gun irin, o ní o fẹ́ dé Ọ̀yọ́! Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ẹsẹ̀ ni èmi àti ìyá mi fi ń ná ọjà Ìwó, ẹrù á wà lórí. A kì í dúró jẹun. Ìyá mi á ti di àádùn mọ́ etí aṣọ, a ó máa bù ú jẹ bí a ṣe ń lọ. Ẹni tó ń rìn jìnnà kì í dúró de ebi. Bébi bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ, ó ti pẹ́."

"Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ bá àwọn lọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, mà."

Ọwọ́ Àlhájà tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ fẹ́ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àlhájà gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó wọlé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oṣù ààwẹ̀ lé. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí Ọláníkẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá Àlhájà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Ó ń fi igi rò ó kó má jóná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò.

"Bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn," Àlhájà ní. "Wá bá mi ro àgbàdo yìí."

Àádùn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, bí ìyá Àlhájà ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n lọ àgbàdo yíyan náà kúnná, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi epo pupa, iyọ̀, ata díẹ̀ àti oyin pò ó, wọ́n sì fi ewé eéran dì í. Ṣúgà ò sí lọ́jà lásìkò yẹn. Ẹni tó bá rí i, ńṣe ló ń fi pamọ́. Oyin ni wọ́n lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Àlhájà ń gbààwẹ̀, kò lè fẹnu kan nǹkan kan. Á pò ó tán, á na ọwọ́ sí Ọláníkẹ́.

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ báwo? Díẹ̀ ọmọ Ṣakí àbí díẹ̀ ọmọ Ìbàdàn?"

Ọláníkẹ́ rẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kó àádùn sápò, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Mọ́níyà lẹ́yìn iṣẹ́. Kò bọ́ sí i rárá. Oòrùn yọ́ epo, epo kun gbogbo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo sì há a lọ́fun bó ṣe ń mí gúlegúle. Nítòsí Ọ̀jọ́ọ̀ ni ikọ́ bá a, díẹ̀ ló kù kó wọ gọ́tà.

Àlhájà gbọ́, ó ní ẹ̀bi òun ni. "Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni èyí. Ẹni tó ń rìn á jẹ, á mumi, á tún jẹ. Ti kẹ̀kẹ́ yàtọ̀."

Wọ́n dán kúlíkúlí wò. Ó le jù, òùngbẹ rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n ra dòńkùwà, ẹ̀pà àti àgbàdo gígún tí àwọn Hausa ń yí bí ìṣù, ní Sábó. Ìyẹn sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá, àmọ́ ata inú rẹ̀ ń ta á lọ́fun lórí òkè. Níbi tí wọ́n ti ń ra dòńkùwà yìí ni Àlhájà ti rí àwọn Hausa tó ń ta dàbínù, èso dídùn tí wọ́n fi ń ṣínu. Ó dúró, ó mú ẹyọ kan, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Èyí ló máa dì í mọ́ra," ó ní. "Kò ní epo, kò sì gbẹ."

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n yọ kóró inú dàbínù, wọ́n fi odó gún un títí ó fi rí bí ẹ̀bà. Wọ́n da ẹ̀pà gígún sí i, wọ́n da ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan sí i, oyin díẹ̀, atalẹ̀ díẹ̀ àti iyọ̀. Àlhájà tẹnu mọ́ iyọ̀ náà, ó ní òógùn tó ń jáde lára èèyàn kì í ṣe omi lásán. Wọ́n yí i bí ìṣù ọwọ́ ọmọdé, èyí tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sá a sí atẹ́gùn di ìrọ̀lẹ́ kó lè gan díẹ̀. Ewé ò ṣe é tú pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ọláníkẹ́ wá rán àpò aṣọ kékeré kan, ó fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀, ó so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bó bá ti ń gùn ún, á kàn ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó gun kẹ̀kẹ́ láti Agbowó dé Challenge, ó gba Ring Road yí padà, ó gun òkè Mọ́kọ́lá, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ kí ebi tó pa á. Nígbà tó délé, ó ṣì lè pọnmi.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó lọ bá Ọládipọ̀ ní Bódìjà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín dé Ọ̀yọ́ péré. Bó bá rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀, fúnra mi ni màá wọkọ̀ padà."

Ọládipọ̀ wo àpò tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó bèèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ọláníkẹ́ fún un ní ẹyọ kan. Ó jẹ ẹ́, kò sọ pé ó dùn, kò sọ pé kò dùn.

"A ó lọ dé Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bó o bá sọ fún mi pé ó ti rẹ̀ ẹ́, mi ò ní bínú. Bó o bá fi pamọ́ fún mi ni màá bínú."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn náà, Àlhájà ti jẹ sààrì tán nígbà tí Ọláníkẹ́ jáde. Ó ti bá a kó oúnjẹ kún àpò rẹ̀. Ó wá mú nǹkan mìíràn lọ́wọ́, àádùn gidi, elépo, tí a fi ewé eéran dì, tí a tún fi ọ̀rá wé.

"Ìyẹn kì í ṣe tìẹ," ó ní. "Bó o bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, bèèrè ọ̀nà ilé-ìwòsàn Bátísíìtì. Lọ́nà tó dojú kọ ọ́, wàá rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tí wọ́n kùn ní búlúù. Zùwáírátù lorúkọ obìnrin ibẹ̀. Gbé e fún un. Má sọ ẹni tó rán ẹ."

"Bí wọ́n bá bi mí ńkọ́, mà?"

"Má sọ."

Ọláníkẹ́ ti gbé ilé náà pẹ́. Ó mọ ọmọ Àlhájà tó wà ní Kàdúná, ó mọ èyí tó wà ní Èkó. Kò gbọ́ orúkọ Zùwáírátù rí. Ó di ẹrù náà mọ́ káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ìrìn ọjọ́ yẹn dára láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Fìdítì, Ọládipọ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó, Ọláníkẹ́ sì na ọwọ́ sókè pé kò séwu. Kò dúró de ebi. Bí wọ́n bá ti gun òkè kan tán, á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á mumi lé e. Ìlọrà lọ, Ọ̀yọ́ lọ. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóòótọ́, ìdí ń dùn ún, èjìká ń dùn ún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò ṣú. Ó rí i pé kí ó rẹ èèyàn yàtọ̀ sí kí agbára èèyàn tán. Ẹni tó rẹ̀ ṣì lè máa lọ.

Òjò ló dá wọn dúró. Ó ká wọn mọ́ àárín oko, kò sílé, kò sí ìsọ̀ olóúnjẹ kankan. Abẹ́ igi ọsàn kan ni gbogbo wọn rọ́ sí, wọ́n ń gbọ̀n. Bisikíìtì tí àwọn kan gbé dání ti di ẹ̀kọ. Ọláníkẹ́ tú àpò rẹ̀, ó pín ohun tó kù níbẹ̀ fún wọn, kálukú sì ń jẹ ẹ́ bí ìgbà tí adìẹ bá ń ṣa àgbàdo. Kò pẹ́ tó tán.

Ọládipọ̀ nawọ́ sí káríà. "Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó lẹ́ni tó ni ín, sà."

"A ó san án padà fún ẹni náà, Níkẹ̀ẹ́. Òtútù ń pa wá."

Ebi ń pa Ọláníkẹ́ náà. Ó tilẹ̀ ń gbóòórùn epo rẹ̀ láti inú ọ̀rá. Ó rántí bí ọwọ́ Àlhájà ṣe pẹ́ lórí ẹrù náà kó tó fi í sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Iṣẹ́ àgbà ni wọ́n rán mi."

Ọládipọ̀ wò ó díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí òjò dá, wọ́n tún gun kẹ̀kẹ́. Ọláníkẹ́ ló kẹ́yìn gbogbo wọn wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹrẹ̀ kùn ún dé irun, ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà. Àwọn tó kù dúró dè é lẹ́nu ìlú, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Kò jókòó. Ó bèèrè ọ̀nà ilé-ìwòsàn, ó rí ṣọ́ọ̀bù búlúù náà. Obìnrin kan wà nídìí maṣíìnì ìránṣọ, ọmọbìnrin kékeré kan ń ṣa èékù aṣọ nílẹ̀. Kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ ni Ọláníkẹ́ ti mọ̀. Iwájú orí Àlhájà ló wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí Zùwáírátù? Wọ́n ní kí n gbé èyí fún yín."

Obìnrin náà tú ọ̀rá náà. Nígbà tó rí ewé eéran, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ta ló rán ẹ?"

"Wọ́n ní kí n má sọ, mà."

"Ìbàdàn lo ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo gun kẹ̀kẹ́ wá."

"Báwo lo ṣe mọ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Wọ́n ní ó dojú kọ ilé-ìwòsàn, àti pé búlúù ni wọ́n kùn ún."

Zùwáírátù yíjú padà. Ó wo ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Búlúù," ó ní. "Ọdún yìí ni mo kùn ún. Pupa ni tẹ́lẹ̀." Ó jókòó padà. "Tí wọ́n bá mọ̀ pé mo ti kùn ún ní búlúù, a jẹ́ pé wọ́n ń béèrè mi lọ́wọ́ àwọn èèyàn."

Ó já ewé náà, ó bu àádùn jẹ, ó bù fún ọmọ rẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ọláníkẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ fún tipẹ́tipẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlẹ́sìn Onítẹ̀bọmi, ló fẹ́. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn gbà á. Ìgbà tí bàbá náà kú ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Ìròyìn ò dé ọ̀dọ̀ Zùwáírátù títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Ọmọ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà, mi ò tíì lè jókòó dáadáa. Mi ò lọ sí àdúrà fídáù. Ìyá mi ránṣẹ́ pé mi ò ní bàbá, mi ò sì ní ìyá. Èmi náà ránṣẹ́ pé, ó dáa, bí wọn ò bá lè jẹ́ kí n rójú bàbá mi, èmi náà ò níyàá. Ṣé o rí i? Inú ló ń bí mi tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tá a rán sì lọ jẹ́ ẹ bó ṣe rí."

"Ara wọ́n le, mà," ni Ọláníkẹ́ sọ. "Wọ́n ń gbààwẹ̀."

Ojú Zùwáírátù kún fómi. "Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń gún àádùn."

Ilé rẹ̀ ni Ọláníkẹ́ sùn. Ọkọ rẹ̀, tíṣà kan tó nífẹ̀ẹ́ àwàdà, ra iṣu, wọ́n sì gún iyán fún gbogbo ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Láàárọ̀ kí wọ́n tó gbéra padà, Ọláníkẹ́ bi Zùwáírátù bóyá iṣẹ́ kankan wà tó fẹ́ rán òun.

"Sọ fún wọn pé mo jẹ ẹ́."

Nígbà tí Ọláníkẹ́ délé, Àlhájà ò béèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí wọn, mà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn jẹ ẹ́."

"O dárúkọ mi?"

"Rárá, mà. Wọ́n mọ̀ fúnra wọn."

"Òun nìkan ló jẹ ẹ́?"

"Wọ́n fún ọmọ wọn. Obìnrin ni. Ó ti tó ilé-ìwé lọ."

Àlhájà fi gèlè nu ojú. Ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ iná ti kú ní ẹ̀yìnkùlé láti ọ̀sán. Ó ní kí Ọláníkẹ́ lọ wẹ̀.

Zùwáírátù ò wá lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Àlhájà ń wo ojú títì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì dárúkọ ẹni tó ń retí. Lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀ náà ló dé, ní Sátidé kan, òun àti ọmọbìnrin náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọ̀jọ́ọ̀, wọ́n sì wọ taksí wá sílé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Àlhájà ní kó dìde. Kò dìde. Ni ìjà bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìjà náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

"Ẹ ní mi ò níyàá!"

"Ìwọ náà sọ pé o ò ní!"

"Ẹ sin bàbá mi, ẹ ò pè mí!"

"Ta ni mo fẹ́ rán? Òkú ń bẹ nílẹ̀, gbogbo ilé ń sunkún, ta ni mo fẹ́ rán? Mo rò pé wàá wá! Lójoojúmọ́ títí di fídáù, ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò!"

Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọláníkẹ́ mú ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó gbé e sórí káríà kẹ̀kẹ́, ó ní kó di ẹ̀gbẹ́ òun mú. Wọ́n yí Agbowó po, wọ́n lọ dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Orúkọ ọmọ náà ni Ọlárónkẹ́, ó sì ń béèrè gbogbo nǹkan: ta ló ni ilé gíga yẹn, kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ yìí ò ní agogo, ṣé ìyá àgbà máa ń na èèyàn. Ọláníkẹ́ dá a lóhùn títí ó fi rò pé ohùn ti lè rọlẹ̀ nílé.

Ó ti rọlẹ̀ lóòótọ́. Àlhájà àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ẹní kan náà, ojú àwọn méjèèjì ti wú. Àlhájà wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

"Wá níbí," ó ní. "Kí ni wọ́n ń pè ẹ́ nílé yín?"

"Rónkẹ́, mà."

"Wọn ò fún ẹ ní orúkọ kankan láti ọ̀dọ̀ mi?"

Zùwáírátù ló dáhùn. "A ò tíì fún un, Ìyá. Ọ̀dọ̀ yín ló kù sí."

Àlhájà fa ọmọ náà mọ́ra, ó sọ orúkọ kan sí i létí. Ọláníkẹ́ ò gbọ́ ọ, kò sì béèrè. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ ara ṣéènì.